Alápá-Kan

Pósí ni mo fi ń jẹun ní Ẹ̀fọ̀n.
Ó ti lé lógún ọdún tí mo ti ń kan ohun tí wọ́n ń sọ̀ sínú ilẹ̀.
Nítorí náà, nígbà tí Jọláadé gbé ìwé rẹ̀ wá,
tó ti ya nǹkan kan tó nímú tó nídìí,
tó ní, "Bàbá, ẹ bá mi ṣe rọ́kẹ́ẹ̀tì,"
mo wo ọmọ, mo wo páànù orí wa,
mo ní, "Ṣé òkè ni tiwa yìí ń lọ?"

Oṣù Èrèlè ni.
Arère ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù ń da èso sílẹ̀:
hóró kan, ìyẹ́ kan,
kì í já lulẹ̀ bí òkúta,
fìrì, fìrì, fìrì,
bí ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́ tí kò fẹ́ tètè dé.
Láti orí ẹ̀ka dé orí páànù, Jọláadé ka méjìlá.
Ó ní, "Bí yóò ṣe bọ̀ nìyẹn."
Èmi ń ro bí yóò ṣe lọ.
Òun ti ń ro bí yóò ṣe bọ̀.

Ìgò ike ẹlẹ́rìndòdò ni ikùn rẹ̀,
omi ìdá kan nínú mẹ́ta,
ìyókù atẹ́gùn,
láti inú póńpù kẹ̀kẹ́ tí tíṣà Fápohùndà
pa tì lọ́jọ́ tó ra ọ̀kadà.
Apá rẹ̀, pákó arère tó ṣẹ́kù lára pósí ìyá Ọ̀ṣúnlékè,
mo fá a, mo fá a,
títí ìmọ́lẹ̀ àtùpà fi ń gbà á kọjá.
Kò ní ìrù mẹ́ta bí ti inú ìwé:
òrùka agolo mílíìkì ló fi ṣe ìrù,
ọwọ́ ìgbálẹ̀ mẹ́rin ló gbé e dúró.
Imú rẹ̀, àdó.
Kì í ṣe Adó tí gómìnà ń gbé,
àdó tí ẹnu rẹ̀ kò gba ìka méjì.
A kò lẹ̀ ẹ́ mọ́ ohunkóhun.
Atẹ́gùn tó bá dojú kọ ọ́ ni yóò dì í mú;
bí eré bá tán lókè,
àdó á ṣí bí fìlà,
rọ́bà á fà, apá á yọ.
Báyìí la wí.

Lẹ́ẹ̀kíní, mo ní kó fò, ó fọ́.
Lẹ́ẹ̀kejì, ó fi ìbú sá wọ oko ẹ̀gẹ́ bí ìgalà,
ìyá mi sì bèèrè láti ẹnu ọ̀nà: "Usẹ́ rẹ rèé?"
Lẹ́ẹ̀kẹta, kò tíì kúrò nílẹ̀ tí apá fi yọ,
apá ọ̀hún ló fi àpá yìí sí mi létí.

Jọláadé ò rẹ́rìn-ín.
Ó lọ ṣa èso arère kan wá, ó bó o.
"Ẹ wò ó. Ibi tó wúwo ni ìyẹ́ ń jó yí ká."
Ó yọ nọ́ọ̀tì kan lára ẹ̀rọ ìránṣọ ìyá rẹ̀
(ìyàwó mi kò tíì mọ̀)
ó so ó mọ́ èjìká Alápá-Kan.

Ìrọ̀lẹ́ Sátidé, pápá iléèwé.
Òkè níwá, òkè lẹ́yìn, ẹ̀yin ẹ mọ Ẹ̀fọ̀n.
Mo fa póńpù nígbà ọgọ́ta,
ọmọ náà fa okùn,
omi bú, ó rẹ wá dé orókún,
kí n tó nu ojú, kò sí níbẹ̀ mọ́.
Àdó ṣí.
Apá yọ.
Ó yí lẹ́ẹ̀kan bí ẹni tó ń wá ọ̀nà,
ó wá rí i,
fìrì, fìrì, fìrì,
àwọn ọmọ ń kà á sókè: méje, mẹ́jọ,
mẹ́tàlá, mẹ́rìnlá,
afẹ́fẹ́ orí òkè gbé e gba ọ̀nà Ìwárájà,
gbogbo wọn sáré tẹ̀ lé e.

Ọkùnrin kan ti dúró lẹ́yìn mi,
okùn tí wọ́n ta kókó sí wà lọ́wọ́ rẹ̀.
"Ìwọ̀n bàbá wa ni mo mú wá."
Mo gba okùn náà.
Mo ní, "Ẹ rọra ná,
ẹ jẹ́ n gbọ́ iye tí wọ́n ń kà yẹn."
Òun náà gbójú sókè.