Ta Ni Gbòǹgbò?

Ní Kutaísì, lókè odò Rióni,
Eteri Kopaliani ń ṣa orúkọ bí ẹni ń ṣa ẹ̀wà.
Ètò kọ̀ǹpútà tó ń wọn odò náà ti pé ọdún mọ́kàndínlógún;
gbogbo àtúnṣe tó wọ inú rẹ̀ ló ní ọjọ́, ló ní wákàtí,
ló ní orúkọ ẹni tó ṣe é.
Ẹ̀rọ ní èèyàn mọ́kànlélógójì ló ti ṣiṣẹ́ níbẹ̀.
Eteri rẹ́rìn-ín. A ò ju mẹ́tàdínlógún lọ rí.
Ta wá ni àwọn yòókù?
Àwa náà ni.

Ẹ wo Badri:
badri lásán, bí ẹni tí wọ́n pè láti ẹ̀yìnkùlé;
B. Gvasalia, lọ́dún tó di ọ̀gá, tó bẹ̀rẹ̀ sí wọ táì;
Badri tí wọ́n fi lẹ́tà Jọ́jíà kọ,
tó lọ́ mọ́ra bí ìtàkùn àjàrà tó ń wá ọ̀pá;
Badry, nítorí kọ̀ǹpútà ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló yá lọ́jọ́ náà.
Ó kú ní oṣù Kejì. Ímeèlì rẹ̀ ò dáhùn mọ́.
Wọ́n ní orúkọ ẹni ni ìjánu ẹni,
ṣùgbọ́n ta ló ń fi ìjánu mẹ́rin sẹ́nu ẹṣin kan?

Ó ṣí fáìlì kékeré kan.
Orúkọ tí a fẹ́, apá òsì;
orúkọ tí a bá lójú ọ̀nà, apá ọ̀tún.
Kò pa ohunkóhun rẹ́.
Ohun tí a kọ lánàá wà bí a ti kọ ọ́;
ẹni tó ń kà á nìkan ni fáìlì náà ń sọ fún wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ pé
èyí àti ìyẹn, ọmọ ìyá kan náà ni.
Rárá, kì í ṣe ọmọ ìyá. Òun fúnra rẹ̀ ni.

Tsisana kọ lẹ́tà láti Batúmi:
"Ẹ má fi orúkọ ọkọ mi àtijọ́ pè mí mọ́.
Ọdún mẹ́jọ ni mo fi jẹ́ ẹ. Ó tó."
Eteri kọ ọ́ sápá òsì: Tsisana Lomtadze.
Bó ti tẹ bọ́tìnì,
igba iṣẹ́ ó lé mẹ́fà padà sílé lẹ́ẹ̀kan náà.

Wọ́n ti ṣì í ṣe rí o.
Vazha méjì ló wà, ọ̀kan arúgbó, ọ̀kan akẹ́kọ̀ọ́.
Ẹnìkan pa wọ́n pọ̀ léṣìí, ó rò pé òun ń gbálẹ̀.
Ọmọ náà ń wá iṣẹ́, ó ní kí wọ́n wo ohun tí òun kọ́:
orúkọ arúgbó ló yọ.
Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ;
kí a tó so orúkọ méjì pọ̀ ńkọ́?
Eteri pe àwọn méjèèjì lórí fóònù, ó tú wọn.

Ó wá ku ẹyọ kan.
Gbòǹgbò.
Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rọ ń pe ẹnikẹ́ni tó bá wọlé bí ọ̀gá láìsọ orúkọ.
Aago mẹ́ta òru kọjá ìṣẹ́jú méje, òru àkúnya,
gbòǹgbò yí àmì kan ṣoṣo padà, ìyọkúrò di àròpọ̀,
fèrè ìkìlọ̀ sì dún ní àdúgbò ìsàlẹ̀
kí omi tó kan ilẹ̀kùn.
Gbogbo wọn ní Badri ni. Ta ni ì bá tún jẹ́?
Eteri ti kọ ọ́ tán, ó ku kó fi pamọ́,
ọkàn rẹ̀ ní kó kọ́kọ́ pe opó rẹ̀.
Mzevinar dákẹ́ díẹ̀.
"Òru yẹn? Ibà dá a wó.
Èmi ni mo ń fi aṣọ tútù nù ún lórí títí ilẹ̀ fi mọ́.
Kò dìde, ọmọ mi."

Ó bi gbogbo àwọn tó kù, lọ́kọ̀ọ̀kan.
Kò sẹ́ni tó ní èmi ni.
Ó pa ìlà náà rẹ́, ó fi fáìlì pamọ́:
èèyàn mẹ́tàdínlógún,
àti gbòǹgbò.