Òkè Tí A Kò Gùn

Tíṣà Baiyére ní ká wọn àpáta Ògìdì láìgùn ún.
Mo di okùn mú. Ìbídùn di ojú kan,
ó fi ike ìwọ̀n-igun wo ténté òkè:
"Dígírì mọ́kànlélógójì!"
Tanjẹ́ǹtì. Mo ṣírò, mo pa á rẹ́,
ìdáhùn mi kúrú ju òrùlé kíláàsì lọ.
Wọ́n rẹ́rìn-ín títí aago fi lù.

"Okun o, Ìyé."
Ó ń hun aṣọ, kò wẹ̀yìn.
Mo yọ ike onígun-mẹ́ta, mo fi ti òfì rẹ̀:
àádọ́rùn-ún géérégé.
"Ta ló kọ́ ọ?"
"Bó bá wọ́, oníbàárà á dá a padà."

Mo tan àtùpà, mo ṣí ìwé.
Òkùnkùn ti gbé àpáta mì,
n kò tíì mọ bó ṣe ga tó.