Nígbà Tí Mílíkáò Jóná

Òjò Ṣílóè kì í ṣojo.
Kì í kan ilẹ̀kùn, kì í béèrè bóyá a wà nílé;
láti ìjẹta ló ti bá wa jókòó,
ó ń na páànù òrùlé bí ẹni tí a jẹ lówó.

Èmi Ẹdẹlimírà, ọmọ Onófírè tó ń kan ọkọ̀,
ilé tó fi ẹsẹ̀ igi dúró sínú omi ni mo dàgbà sí.
Bí òkun bá lọ, ẹrẹ̀ ni mò ń wò;
bí ó bá dé, abẹ́ ibùsùn ló ti ń bá mi sọ̀rọ̀.

Láàárọ̀ yìí mo bó ọ̀dùnkún,
irú èyí tí inú rẹ̀ dà bí omi aró.
Mo se ìdajì, mo gún un.
Ìdajì tó kù, mo rin ín ní tútù
lára páànù tí bàbá mi fi ìṣó dá ihò sí,
mo dà á sínú aṣọ, mo fún un
títí omi rẹ̀ fi tán, títí ọrùn ọwọ́ mi fi bẹ̀bẹ̀.
Mo ki ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ díndín sí i nínú bí ẹni ń tọ́jú owó,
mo tò wọ́n sórí irin ààrò.

Ìkòkò kan ń hó lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.
Ẹ má ṣèèṣì bù ú mu o:
irun àgùntàn ló wà níbẹ̀, àti irùngbọ̀n igi
tí mo já lára igi ápù tó ti gbàgbé bí a ṣe ń so.
Aṣọ ìbora ọmọ Fabiánì ni mò ń hun,
ọmọ tí n kò tíì gbé rí.
Púńtà Àrénà ni wọ́n wà,
afẹ́fẹ́ ibẹ̀ a máa yá fìlà ẹni, kì í dá a padà.
Fabiánì ló fi kámẹ́rà yìí ránṣẹ́:
"Màmá, ẹ máa ya ohunkóhun tí ẹ bá rí,
kí ọmọ mi lè mọ ibi tí mo ti wá."
Ojú kámẹ́rà náà ti họ díẹ̀.
Ojú tèmi náà.

Ni mo bá gbójú sókè lójú fèrèsé.
Ẹyẹ odò ọlọ́rùn dúdú!
Ara rẹ̀ funfun bí ìyẹ̀fun,
àfi bí ẹni pé ó ti ki orí bọ ìkòkò aró.
Ó pọn ọmọ mẹ́ta.
Mẹ́ta, láìní ọ̀já!

Mo ju abẹ́rẹ́ ìhunṣọ sílẹ̀, mo gba àkàsọ̀ ẹ̀yìnkùlé,
ẹsẹ̀ kan nínú bàtà, èkejì nínú ẹrẹ̀.
Wọ́n ní sùúrù ni baba ìwà;
n kò mọ ìyá rẹ̀, àmọ́ mo fura sí òtútù.
Mo dúró. Ẹyẹ dúró.
Òjò nìkan ni kò dúró.
Ọmọ kan yọrí láàárín ìyẹ́, ó wò mí,
ìka mi ti wà lórí bọ́tìnì,
ni mo bá gbọ́ òórùn.

Mílíkáò mi!

Mo kígbe. Ẹyẹ gbọ́ igbe,
ó tu ara rẹ̀ bí ọkọ̀ wọnú kùrukùru,
ìka mi sì tẹ ohun tó tẹ̀.

Nígbà tó dalẹ́, Rosáúrà aládùúgbò mi dé.
A fi ọ̀bẹ ha èédú ara mílíkáò, a jẹ inú rẹ̀ pẹ̀lú oyin.
Mo fi àwòrán hàn án.
"Ẹyẹ dà?"
Òrùka omi ló wà níbẹ̀, ọ̀kan nínú ọ̀kan, aláwọ̀ eérú,
àti àtàǹpàkò mi ní igun kan,
ó pọ́n bí oòrùn tó ṣìnà.
Mo rin ọ̀dùnkún, mo rìn nínú ẹrẹ̀,
kí ló kù bí kò ṣe kí n rẹ́rìn-ín?
Irun àgùntàn pàápàá ti pẹ́ jù nínú omi gbígbóná,
ó ti pọ́n bí ìṣó tó dógùn-ún.
Màá hun ún bẹ́ẹ̀.

Mo fi àtàǹpàkò náà ránṣẹ́ sí Fabiánì.

Lọ́la, màá kọ́kọ́ gbé mílíkáò kúrò lórí iná
kí n tó sọ̀kalẹ̀.
Tàbí kí n fi í sílẹ̀.
Ta ló mọ̀ bóyá òórùn rẹ̀ ni ẹyẹ náà gbọ́ tó fi yà?