Oṣù Mẹ́fà Di Ọ̀sẹ̀ Mẹ́fà

Oṣù mẹ́fà la fi ń kọ́ṣẹ́ iná oòrùn tẹ́lẹ̀
ní kọ́lẹ́ẹ̀jì wa ní Iléṣà.
Owó ìjọba wá dá, bí òjò ṣe ń dá.
Ọ̀gá Fálúyì nu pátákó,
ó gé oṣù mẹ́fà sí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà
bí télọ̀ ṣe ń gé agbádá olóògbé fún ọmọ kékeré.
Ó ní: “Ìtàn iná, ẹ lọ kà á nílé.
Níbí, wáyà ni.”

Àwọn aládìyẹ Ìbòdì ló ra bátìrì,
wọ́n ní ká fi òrùlé àwọn kọ́ṣẹ́.
Ẹyin ni wọ́n fi san ìyókù.

Ẹ̀ẹ̀mẹta la ń san tiwa.
Èmi, ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta,
mo ṣì jẹ ẹ̀kẹta.
Òṣómàáló sì ni bàbá mi:
mo mọ bí wọ́n ṣe ń lóṣòó
sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè.

Lánàá, Fálúyì gun àkàbà,
ó lóṣòó tì mí lórí páànù gbígbóná.
Mo ti ń wá àwáwí.

Ó ní: “Di pupa yẹn mú dáadáa.
Ọwọ́ rẹ ń gbọ̀n.”