Ẹyẹ Ojú Ewé Kọkàndínlógún

Òjò Hexham kì í rọ̀ bí òjò ilé wa.
Kì í pariwo, kì í ṣí òrùlé ẹnikẹ́ni;
ṣe ló ń rin ènìyàn díẹ̀díẹ̀
bí olówó èlé tójú ń tì láti béèrè owó rẹ̀.
Mo ti iṣẹ́ òru dé, bàtà mi kún fómi.
Mo gbé kẹ́tù kaná, mo tan hítà,
mo ká ẹsẹ̀ sórí àga.
Ó yá, ta ló pa àlùfáà?

N kò fẹ́ ìwé tí ẹ̀jẹ̀ ti ń ṣàn bí omi ẹ̀rọ.
Ti abúlé kékeré ni kí ẹ fún mi,
níbi tí májèlé ti bọ́ sínú àkàrà òyìnbó lọ́jọ́ ìkórè,
tí opó kan tó ń hun súwẹ́tà sì gbọ́ òórùn irọ́
kí ọlọ́pàá tó wọ bàtà tán.
Tàbí ti ayé àtijọ́: dókítà onígègé ìyẹ́,
ẹṣin, yìnyín lójú títì,
lẹ́tà tí wọ́n fi ìda lẹ̀, tí ẹnìkan ti tú, tó tún un lẹ̀.
Wọ́n ní bí irọ́ lọ fún ogún ọdún,
ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a.
Nínú ìwé tèmi, ojú ewé ọ̀ọ́dúnrún ló ti ń bá a,
kí tíì tó tutù.

Oṣù kẹwàá ni mo kọ́kọ́ rí i.
Lójú ewé kọkàndínlógún, lábẹ́ nọ́ńbà,
ẹnìkan fi pẹ́ńsù ya ẹyẹ,
kò tóbi ju hóró ìrẹsì lọ.
Mo ṣí ìwé kejì. Ẹyẹ.
Ìkẹta. Ẹyẹ!
Háà, ọ̀dájú wo ló ń tú àṣírí apànìyàn fún wa?
Mo ka gbogbo orúkọ tó wà lójú ewé náà,
mo fura sí agbẹjọ́rò, mo fura sí ọmọ oníbúrẹ́dì;
irọ́ ni. Ọwọ́ wọn mọ́.

Lèmi náà bá di ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ nílé ìkàwé.
Mo ṣọ́ ọkùnrin tí ajá rẹ̀ ń dúró lẹ́nu ọ̀nà,
mo ṣọ́ ìyá ìbejì tí kì í kà ju ẹ̀yìn ìwé lọ.
Nígbà tó sú mi, mo bi Glẹ́ndà tó ń lu òǹtẹ̀.
Ó kàn fi àgbọ̀n júwe:
Màmá Ẹ́nídì, ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rùn-ún,
pẹ́ńsù wà létí rẹ̀ bíi ti káfíńtà.
“Kí n má baà yá a lẹ́ẹ̀mejì ni.
Mo lè gbàgbé apànìyàn, ọmọ mi,
ṣùgbọ́n ó ń dùn mí bí mo bá gbàgbé pé mo ti mú un rí.”

Láti ọjọ́ náà, gbogbo Túsìdeè la jọ ń jiyàn.
Ó ní ìlara ló ń pa ènìyàn jù.
Mo ní ogún ni, ẹ lọ béèrè lọ́wọ́ àwọn ẹbí mi.
Ó bi mí bí wọ́n ṣe ń wá apànìyàn ní ìlú wa.
Mo ní, “Àdúgbò á ti mú un kí ilẹ̀ tó mọ́,
wọ́n á sì mú ẹni mẹ́ta tí kò ṣe é kún un.”
Ó rẹ́rìn-ín títí tó fi ń wúkọ́.

Lánàá, mo yá ìwé tuntun,
ti ọkọ̀ ojú omi àti òkú inú àgbá iyọ̀.
Ojú ewé kọkàndínlógún: òfìfo.
Àyà mi já. Mo tẹ fóònù.
Ó gbé e, nǹkan wà lẹ́nu rẹ̀:
“Má sọ ẹni tó ṣe é o! Èmi ló kàn!”
Mo wá pẹ́ńsù. Mo ya ìgbín kan sígun,
mo fi àyè sílẹ̀.