Ajá Kejì

Láti ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni ínsúlínì ti ń ṣọ́ mi.
Ajá àgbà ni. Ó mọ ikùn mi, ó mọ itan mi méjèèjì,
ṣùgbọ́n ara ti ń di ara àgbà, tèmi tàbí tirẹ̀, n kò mọ̀:
òun nìkan kò lè da agbo náà mọ́.
Ṣúgà á gòkè láàárọ̀, á já wálẹ̀ lóru
bí àgùntàn tó yọ̀ lórí àpáta Fonni.

Dókítà Murgia fún mi ní oògùn oníhóró.
"Kò rọ́pò ínsúlínì o, ó kàn ń bá a rìn ni.
Kíndìnrín rẹ ni yóò máa da ṣúgà sínú ìtọ̀.
Lọ́jọ́ tí èébì bá dé, má lò ó."
Bainzu ọkọ mi rẹ́rìn-ín:
"Bonaria, àwọn èèrà yóò jẹ ohun tí a fi dù ọ́."
Lóòótọ́, wọ́n tò lẹ́yìn ilé.

Oṣù méjì gbáko, ẹ̀rọ ń ka iye tó dùn ún gbọ́.
Mo dín ínsúlínì kù. Mo tún dín in.
Ta ló bi mí?

Ìgbà ìrẹ́run àgùntàn ni èébì gbé mi ṣánlẹ̀
lẹ́bàá ìkòkò wàrà.
Ẹ̀rọ ní àádóje. Àádóje! Kí ni mo tún ń wá?
Ṣùgbọ́n mo ń mí hẹlẹhẹlẹ bí ẹni tó sáré gun òkè,
èémí mi ń rùn bí èso tó ti rà.
Ọgbọ̀n ọdún ni mo ti ń ṣe wàràkàṣì.
Mo mọ wàrà tó ti kan
tí funfun rẹ̀ kò yẹ̀.

Bainzu ki pépà bọ inú ìtọ̀ mi,
ó di àwọ̀ àlùkò.
Ajá kejì ti pa ẹran jẹ, kò gbó.

Ní ilé ìwòsàn Nuoro, omi ni, ínsúlínì ni,
ínsúlínì títí ilẹ̀ fi mọ́.

Murgia kò bínú. Ó ní abẹ́rẹ́ kan tún wà,
ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀, tó ń ki ebi wọ̀;
kì í ṣe gbogbo ara ló ń gbà á, wọ́n ṣì ń wò ó.
Mo ní kó jẹ́ kí n gé wàràkàṣì yìí tán ná.

Oògùn oníhóró wà nínú àpótí pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ ọgbà.
Lálẹ́ yìí mo gún itan òsì.
Ajá wa ń gbó níta, kò sí olè, kò sí ìkookò,
Bainzu fẹ́ jáde lọ bá a wí.
Mo ní, fi í sílẹ̀.