Àga Tí Kò Ní Ọnà

Gbẹ́nàgbẹ́nà ni baba rẹ̀ ní Mákún,
ẹni tó gbẹ́ kìnnìún sára ilẹ̀kùn àwọn olówó obì,
tó fi ìbọn sọ́wọ́ ọdẹ, tó fi ahọ́n sẹ́nu ejò,
títí ilẹ̀kùn fi wúwo ju ilé lọ.
Ó sọ ọmọ rẹ̀ ní Ọnàsànyà.
Ọmọ dàgbà, ó ní káfíńtà lòun.

Tísà Odùkọ̀yà ló mú ìwé àwòrán kan dé láti Ìbàdàn
lọ́dún tí owó obì ń wọlé bí òjò.
Àga kan wà níbẹ̀, lójú ewé tí epo ti kán sí:
ẹsẹ̀ mẹ́rin tín-ín-rín,
tó yà bí ẹsẹ̀ ọmọ ewúrẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dìde,
apá méjì tó tẹ́ bí ọmọrógùn,
ẹ̀yìn tó rọ̀gbọ̀kú díẹ̀
bí ẹni tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ tí kò tíì gbà.
Kò sí kìnnìún. Kò sí òdòdó.
Kò sí ibi tí eruku lè sá sí.
"Ta ló jí ìyókù àga yìí?" ni ìyàwó Tísà wí.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni Ọnàsànyà fi fá igi apá.
Baba jókòó sẹ́nu ọ̀nà, kò bá a sọ̀rọ̀,
ó ń wo bí igi ṣe ń bọ́ lẹ́nu ìfági bí èèpo ọsàn.
Ní ọjọ́ tó sọ̀rọ̀, ó ní:
"Bí mo bá ń gbẹ́ ejò, mo mọ ibi tí ejò parí sí.
Ìwọ ńkọ́? Níbo lo máa dúró?"
Ọmọ ní: "Ibi tó bá kù díẹ̀ kó ṣẹ́."

Àdúgbò sọ ọ́ ní àga ẹlẹ́sẹ̀ ẹ̀fọn.
Ìyá ìyàwó Tísà, obìnrin tó tóbi,
ní òun ò ti Òde Rẹ́mọ wá ṣubú lójú àna.
Wọ́n bẹ̀ ẹ́, bẹ̀ ẹ́.
Ó jókòó bí ẹni tó ń wọ omi Ìbù láàárọ̀ ọyẹ́.
Igi dún kíún.
Ó dákẹ́.
Ìyá sùn lọ títí ìkókoré fi tutù.

Ẹ kúkú mọ̀ wá. Ohun tí a bá fìdí dán wò
tí kò ṣẹ́, tí kò sì wọ́n,
kí ọdún tó yí, pálọ̀ gbogbo láti Sábó dé Òfin ti yọ ẹsẹ̀:
tábìlì yọ ẹsẹ̀, rédíò yọ ẹsẹ̀, àpótí ìwé yọ ẹsẹ̀,
lórí ilẹ̀ teráásò tó ń dán,
àfi bí ẹni pé ẹrù ilé fẹ́ jáde lọ gbatẹ́gùn.
Ìgbálẹ̀ dé ibi tí kò dé rí.
Abẹ́ àga náà ni èmi ọmọ Tísà ti kọ́ bí a ṣe ń rá,
n kò sì forí gbá nǹkan kan.

Àga olówó wá ti òkè òkun dé,
ó wú bí búrẹ́dì,
kìnnìún sì padà sí apá rẹ̀, ti ike lọ́tẹ̀ yìí.
Wọ́n gbé iṣẹ́ Ọnàsànyà lọ sẹ́yìnkùlé.
Adìyẹ yé lé e.

Oṣù tó kọjá ni mo fa ọ̀kan jáde, mo dojú rẹ̀ délẹ̀.
Mo ní ọmọ ọlọ́nà ò lè ṣe kó má yọ́ ọ dá,
pé á ti fi ejò kékeré kan pamọ́ síbi tí ojú ò tó.
Mo fi kẹrosíìnì nù ún. Mo tan tọ́ọ̀ṣì sí i.
Kò sí nǹkan.
Nọ́ńbà kan tí wọ́n fi pẹ́ńsù kọ,
mẹ́tàdínlógún àti ààbọ̀,
àti ojú àtàǹpàkò kan nínú àtè tó ti gan,
ìlà rẹ̀ ń yí, ó ń yí, wínníwínní,
bí iṣẹ́ ẹni tó mọ ọnà á gbẹ́.